Ọjọ́ mẹ́fà nínú ọyẹ́: fọ́tò ẹyẹ aṣíkiri láti Rẹ́mọ dé Ìwòpin

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, oṣù Ṣẹ́rẹ́, Ṣágámù

Ọyẹ́ ti mú. Bí a ti ń wọ Ṣágámù nírọ̀lẹ́, òpó iná mẹ́ta tó wà níwájú nìkan ló hàn ketekete, àwọn tó kù ti di òjìji. Ohun tí ayafọ́tò ẹyẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò nìyẹn kó tó tú àpò. Ẹ wá ilé tàbí òpó tí ẹ mọ bó ṣe jìn tó. Bí èyí tó wà ní kìlómítà kan bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá, ẹyẹ tó wà ní 100 mítà ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìyàtọ̀ dúdú àti funfun ara rẹ̀ kó tó dé ojú lẹ́ńsì. Èyí tó wà ní mítà 10 kò pàdánù ju bíńtín lọ. Lẹ́ńsì gígùn máa ń sọ ẹyẹ di ńlá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè yọ eruku kúrò lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ètò ọjọ́ mẹ́fà yìí ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: báwo la ṣe máa sún mọ́ ẹyẹ láìjẹ́ pé ó fò lọ.

Ẹrù: kámẹ́rà méjì, ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́ńsì 150-600 mm, èkejì pẹ̀lú 300 mm f/4 (iye f ni ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì: bó bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe ń pọ̀ tó). Ìdí tó fi jẹ́ méjì ni pé a ò fẹ́ pààrọ̀ lẹ́ńsì níta rárá nínú ọyẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí ihò kámẹ́rà bá fi ṣí sílẹ̀ ti tó kí eruku wọlé lọ bá sẹ́ńsọ̀, ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. Bátìrì mẹ́rin, káàdì mẹ́ta, fèrè rọ́bà tí a fi ń fẹ́ eruku, ọ̀rá ńlá tó ṣe é dì lẹ́nu, àpò silica gel (ẹ̀rún tó ń fa ọ̀rinrin) mẹ́fà, tráípọ́ọ̀dù kan, àti àpò aṣọ kékeré tí a ó máa gbé lẹ́ńsì lé. Ẹ̀wà kìlógíráàmù méjì ló wà nínú àpò aṣọ náà. Ẹ má ṣe fi gàrí kún un, bó ti wù kó pọ̀ lọ́jà Ìjẹ̀bú tó. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń yọ́ jáde láti ojú aṣọ wọ inú rọ́bà tí a fi ń yí lẹ́ńsì, bí ìrì etí ọ̀sà bá sì kàn án, ó di ẹ̀bà.

Ọjọ́ Ajé: lékeléke, ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́

Oòrùn yọ ní nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, àmọ́ a ò fojú kàn án títí di 7:25. Nígbà tó jáde, ó pọ́n bí epo, kò sì ní òjìji kankan. Lójú ènìyàn, ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n lójú kámẹ́rà ó kù púpọ̀: ṣọ́tà 1/500 (ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá) pẹ̀lú f/6.3 ń béèrè ISO 3200 (ISO ni bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ lágbára tó).

Lékeléke kì í ṣe àlejò Yúróòpù. Ilẹ̀ wa níbí ló ti ń ṣí kiri: ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sì padà sókè lọ yé ẹyin nígbà òjò. Gbogbo ọmọ tó ti na ìka sí i rí pé kó fún òun ní èékánná funfun ló mọ̀ pé àsìkò ló ń gbé e wá. Fún fọ́tò, òun ló yẹ ká fi kọ́ṣẹ́, nítorí ẹyẹ tó funfun báyìí máa ń tú àṣírí gbogbo àṣìṣe ìmọ́lẹ̀.

Àṣìṣe náà sì wáyé kíá. Ọgọ́ta àwòrán àkọ́kọ́ la yà pẹ̀lú ètò tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yan ìmọ́lẹ̀, ó sì lé ní ìdajì wọn tó jó. Ohun tó fà á rèé. Nígbà tí lékeléke wà nílẹ̀ lórí koríko gbígbẹ àti ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ dúdú ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú àwòrán, kámẹ́rà rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó tan ìmọ́lẹ̀ kún un, ìyẹ́ àyà ẹyẹ bá di páálí funfun tí kò ní ìlà kankan. Nígbà tí ẹyẹ kan náà fò sókè, sánmà ọyẹ́ tó funfun ló gba àwòrán, kámẹ́rà dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹyẹ di eérú. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá méjì, ohun tó yẹ yí padà láti -1 sí +1 (ẹyọ ìmọ́lẹ̀ nìyẹn: -1 dín in kù sí ìdajì, +1 sọ ọ́ di ìlọ́po méjì). Kò sí ọwọ́ tó yá tó láti máa yí bọ́tìnì tẹ̀lé e.

Ìdáhùn rẹ̀ ni ètò Manual, èyí tí àwa fúnra wa fi ń yan ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé ẹyẹ kò yí padà nítorí pé ẹyẹ fò; ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló yí padà. A dojú lẹ́ńsì kọ lékeléke kan tó dúró, a ń dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí ibi tó ń ṣẹ́jú dúdú lójú kámẹ́rà (àmì pé ó ti jó) fi kúrò ní àyà rẹ̀, a sì fi í síbẹ̀. Ní 8:30, iye tó bọ́ sí i ni f/6.3, 1/1600, ISO 800. Láti ìgbà náà, bó dúró, bó fò, bó kọjá níwájú màlúù dúdú, funfun rẹ̀ dúró sójú kan. Gbogbo ìdajì wákàtí la tún un wò, torí pé bí oòrùn ṣe ń gòkè nínú eruku, ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ sí i ju bí ojú ṣe ń rí i lọ.

Nípa sísúnmọ́: ẹ má lé lékeléke. Ẹ kí darandaran tó wà níbẹ̀, ẹ béèrè ibi tó ń da màlúù gbà, kí ẹ sì lọ jókòó sílẹ̀ níwájú wọn, lápá ìlà oòrùn, bí 25 mítà. Iwájú ẹsẹ̀ màlúù ni lékeléke máa ń tẹ̀lé, nítorí tata tó ń fò sókè níbẹ̀. Màlúù ló ń gbé ẹyẹ wá bá yín. Láìpẹ́ wọ́n ti wà ní mítà 8, a sì ní láti ká lẹ́ńsì 600 náà padà sí 250.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń padà sórí ọparun níbi tí wọ́n ń sùn. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù: lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń dín sí ìdajì láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Iye tó dára ní 6:45 ti burú ní 6:50. A jẹ́ kí ISO máa yí fúnra rẹ̀, a sé e mọ́ 6400, a sì fi ṣọ́tà sí 1/60, a ń fi lẹ́ńsì tẹ̀lé ẹyẹ bó ti ń fò. Nínú ogójì, mẹ́ta péré ni orí wọn mọ́, tí ìyẹ́ sì ṣe fìrìfìrì bó ṣe yẹ. Kò burú rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Yellow Wagtail, Ìjẹ̀bú-Òde

Ibi tí ẹyẹ yìí wà kò lẹ́wà: pápá bọ́ọ̀lù kan tí kò jìn sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Eṣinṣin ló ń wá. Yellow Wagtail kéré, gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 17, ìwọ̀n rẹ̀ tó gíráàmù 17 náà, ìrù rẹ̀ kò sì mọ jíjókòó. Yúróòpù ló ti wá, aṣálẹ̀ Sàhárà ló là kọjá. Títí oṣù Igbe ló máa ń wà níhìn-ín kó tó padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà, nítorí òun ló ń dá iṣẹ́ ọjọ́ yìí. Lẹ́ńsì 400 mm ní mítà 8 máa ń gbé ẹyẹ 17 sẹ̀ǹtímítà kalẹ̀ sórí sẹ́ńsọ̀ ní mìlímítà 8.5. Lórí sẹ́ńsọ̀ APS-C tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 23.5, ẹyẹ ti gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwòrán lọ. Ní mítà 24, kò tó mìlímítà 3. Ẹni tó bá ya ti mítà 24 tó wá ń gé e sí kékeré lórí kọ̀ǹpútà, eruku àti ISO ló ń gé sí ńlá.

Inú mọ́tò la ti yà á. Wagtail máa ń sá fún ènìyàn tó dìde dúró ní mítà 20, ṣùgbọ́n mọ́tò tó dúró sójú kan kì í jọ ọ́ lójú. Ó rìn dé mítà 6. Àpò ẹ̀wà wà lórí fèrèsé, lẹ́ńsì wà lórí rẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kọ́kọ́ ni pé a ti tan ẹ̀rọ amúlétutù nínú mọ́tò láti ilé wá. Bí a ti ń sọ fèrèsé kalẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù inú àti gbígbóná ìta ń pò pọ̀ níwájú lẹ́ńsì gan-an, gbogbo àwòrán sì ń wọ́ bí ohun tó wà lábẹ́ omi. Fókọ́ọ̀sì ò lẹ́bi kankan níbẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pa amúlétutù, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Pípa ẹ́ńjìnnì ṣe pàtàkì fún ìdí kejì: gbígbọ̀n rẹ̀ ń gba inú ilẹ̀kùn wọ inú àpò ẹ̀wà.

Nígbà tó di 9:40, ooru ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé: ẹ ya àwòrán mẹ́wàá léra wọn pẹ̀lú ṣọ́tà tó yára, 1/2000. Bí àwọn kan bá mọ́ tí àwọn kan sì ṣú, láìjẹ́ pé ẹyẹ mira, ooru ni. Gbígbé ṣọ́tà sókè ò ní wò ó. Dídùbúlẹ̀ sílẹ̀ gan-an máa ń mú kó burú sí i, nítorí ìsàlẹ̀ pátá, ní ìwọ̀n orókùn sí ilẹ̀, ni ooru náà ti nípọn jù. Ìyẹn sì jẹ́ wàhálà, torí pé ìwọ̀n ojú ẹyẹ la ti ń rí àwòrán tó dára. Bó ṣe tọ́ ni pé kí a dùbúlẹ̀ kó tó di aago mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà ká gòkè sí fèrèsé mọ́tò, nígbà tó bá sì kọjá mẹ́wàá, ká lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́.

Àwọ̀ ìyeyè ní ìjàǹbá tirẹ̀. Àyà akọ lè jó nínú àwọ̀ pupa nìkan, kí histogram gbogbogbòò (àtẹ tó ń fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín láti dúdú lósì dé funfun lọ́tùn-ún) sì máa sọ pé àlàáfíà ni. Ẹ ṣí histogram aláwọ̀ mẹ́ta, ẹ wo ti pupa. Bó bá ti kan ògiri ọ̀tún, ẹ dín in kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta ẹyọ ìmọ́lẹ̀. Ní ti àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, ọyẹ́ máa ń kun gbogbo nǹkan ní àwọ̀ tíì oníwàrà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti tún ṣe, yóò máa tún un ṣe yàtọ̀ síra láti àwòrán kan sí èkejì. A fi í sí 5300 K, a ya RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), ó parí.

A tún padà ní 4:30. Àwọn tó máa ń dúró de ìmọ́lẹ̀ oníwúrà tó ń ṣáájú ìwọ̀ oòrùn ń tan ara wọn jẹ nínú ọyẹ́: oòrùn máa ń rì sínú eruku nígbà tó bá ku nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú kó tó wọ̀ gan-an, ìmọ́lẹ̀ á kàn ṣá. Wákàtí tó dùn ni láti 4:45 sí 5:45. Àti pé ká sọ òótọ́, ọyẹ́ ní oore tirẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn tó wà lókè á bá eruku pàdé, eruku á pín in káàkiri bí aṣọ funfun tí a ta sójú fèrèsé, òjìji dúdú tó máa ń wà lábẹ́ ojú ẹyẹ á sì rọ̀. Nínú oṣù Belu, kí ọyẹ́ tó dé, wákàtí yẹn kò ṣe é lò rárá.

Ọjọ́rú: Ìbíadé, Ìwòpin

Ìrìn ló gba ọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí a sọ, ó sì jẹ mọ́ yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Kámẹ́rà tó sùn nínú yàrá tútù tí a gbé jáde sí afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà máa ń làágùn, nínú lẹ́ńsì àti lóde. Ẹ má nu ún. Èyí tí ẹ bá nù á tún padà, eruku tó wà lójú rẹ̀ á sì ha dígí. Kí ẹ tó sùn, ẹ dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú silica gel. Kí ẹ tó jáde, ẹ gbé e síta pẹ̀lú ọ̀rá náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀rá ló máa làágùn dípò rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ bá wa ní etí omi Ìwòpin, oòrùn kọjú sí wa. Common Sandpiper méjì ń rìn lórí etí ọkọ̀ onígi tí wọ́n so mọ́lẹ̀, wọ́n ń mi ìdí lọ mi ìdí bọ̀. Ẹyẹ kékeré ni, sẹ̀ǹtímítà 20, láti Yúróòpù òun náà. Omi tó ń dán lẹ́yìn wọn tan kámẹ́rà jẹ pátápátá. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀kẹta: ká fi +1.7 sí i kí ìyẹ́ ẹ̀yìn hàn, kí omi sì jó, tàbí ká dín in sí -1.3 kí ẹyẹ di òjìji dúdú lórí omi oníwúrà. Àárín méjèèjì kò mú nǹkankan jáde ju ẹyẹ eléérú lórí omi eléérú. A yan òjìji, nítorí ìdí tó ń mì yẹn hàn dáadáa nínú òjìji. Ó kàn gbọ́dọ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má wọ inú ara. Ẹ má sì fi ojú wo oòrùn láti inú ihò kámẹ́rà onídígí, bó ti wù kí ọyẹ́ bò ó tó.

Ọjọ́bọ̀: lórí ọ̀sà

Ọ̀sà Lékkí yìí, omi tútù ni, kò ní iyọ̀ bí ti Èkó. Odò Ọ̀ṣun àti odò Òní ló ń tú sínú rẹ̀. Kò jìn: ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò tó mítà mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí igi àwọn apẹja fi kún ojú rẹ̀, orí àwọn igi wọ̀nyẹn sì ni Osprey ti ń jókòó. Àṣá apẹja ni, tó ń wá láti òkè Yúróòpù lọ́dọọdún. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí kòkó gbígbẹ, ikùn rẹ̀ funfun, ilà dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Apá rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ju mítà kan ààbọ̀ lọ.

A bá ọlọ́kọ̀ kan sọ̀rọ̀ láti alẹ́ àná. Ohun tó yẹ kí a fẹnu kò lé lórí kí ọkọ̀ tó kúrò: iye owó fún wákàtí mẹ́ta (epo wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí), aṣọ ìléfòó fún ẹni kọ̀ọ̀kan, àti pé bí a bá gbé ọwọ́ sókè, kó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ kó sì máa fi àjẹ̀ tàbí ọ̀pá tì í. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ ká kọjú sí i tààrà o,” lọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu wa láàárọ̀ náà. Osprey máa ń fò bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wá bá a gan-an. Bó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá bí ẹni tó ń lọ sí ibòmíràn, tó ń sún mọ́ díẹ̀díẹ̀, á jókòó.

Ní 6:40, kùrukùru ló bo ohun gbogbo. Ó yàtọ̀ sí ọyẹ́: ọyẹ́ pọ́n, ó gbẹ, kùrukùru funfun, ó tutù, ó sì ń kúrò. Fókọ́ọ̀sì ò rí nǹkan dìmú, ó ń lọ ó ń bọ̀ láti mítà mẹ́ta dé òpin ayé. Ohun mẹ́ta la ṣe. Bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì tó ń dín ibi tí fókọ́ọ̀sì lè dé kù, a ti í sí mítà 10 lọ sókè, kó má baà máa wá nǹkan nítòsí. A lo ojú fókọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ní àárín, a sì ń kàn án mọ́ ibi tí dúdú ti pàdé funfun, bí ilà ojú Osprey tàbí etí igi. Ẹ̀kẹta, a yọ fókọ́ọ̀sì kúrò lára bọ́tìnì tí a fi ń ya àwòrán, a gbé e sí bọ́tìnì AF-ON tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, kí àtàǹpàkò lè mú un lẹ́ẹ̀kan kó sì fi í sílẹ̀. Igi tí ẹyẹ jókòó lé ò lọ síbì kankan. Bí fókọ́ọ̀sì bá ti mú un, kí ló tún ń wá?

Nínú kùrukùru, ẹ fi +1 sí i. Kámẹ́rà máa ń fẹ́ sọ ọ́ di eérú bí ọjọ́ tó fẹ́ rọ̀, bẹ́ẹ̀ funfun ni. Histogram rẹ̀ á dà bí òkè kan ṣoṣo tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Ẹ tì í sápá ọ̀tún láìjẹ́ kó kan ògiri. A ò gbọdọ̀ bẹ̀rù bó ti rí ràkọ̀ràkọ̀ lójú kámẹ́rà. Dúdú rẹ̀ la máa fà padà lórí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó di 8:30, kùrukùru ká, ó fi ọyẹ́ sílẹ̀. Tráípọ́ọ̀dù ò wúlò nínú ọkọ̀ ojú omi; omi ń gbé ọkọ̀, ọkọ̀ ń gbé tráípọ́ọ̀dù, ó kàn ń sọ ìmira kékeré di ńlá ni. A kúnlẹ̀, ìgúnpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, lẹ́ńsì lọ́wọ́, 1/2000, f/6.3, ISO tó ń yí láàrin 800 sí 2000. Ọlọ́kọ̀ gbé wa sí apá ìlà oòrùn igi náà kí ìmọ́lẹ̀ lè wà lẹ́yìn wa. Láti 70 mítà, ó gbà wá ní ogójì ìṣẹ́jú kí a tó dé 30. A dúró níbẹ̀, nítorí ẹyẹ ti na ọrùn, ó sì tẹ ara sílẹ̀ díẹ̀. Ẹyẹ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ń ronú àtilọ. Ẹ dúró, ẹ má mira. Bó bá fò nítorí yín, oúnjẹ rẹ̀ lẹ bà jẹ́, ẹ ò sì ní rí i mọ́ láàárọ̀ náà.

Nígbà tó fúnra rẹ̀ fò lọ pẹja, ẹ̀ẹ̀kan ló bọ́ sómi, bí 60 mítà. Méjìlá nínú àwòrán mẹ́rìnlélógún kò mọ́. Omi tó fọ́n sókè ló gba fókọ́ọ̀sì lọ, nítorí pé omi funfun tó ń dán rọrùn láti dìmú ju ẹyẹ lọ. Nínú àkójọ ètò kámẹ́rà, ẹ wá ibi tó ń sọ bí fókọ́ọ̀sì ṣe gbọ́dọ̀ tètè yí sí nǹkan tuntun, ẹ dín in kù pátápátá, kó lè dúró ti ẹyẹ fún ìgbà díẹ̀ bí nǹkan bá kọjá níwájú rẹ̀.

Lójú ọ̀nà padà, ojú oró àti òṣíbàtà dí ojú omi kan, propẹ́là lọ́ mọ́ ọn. Ogún ìṣẹ́jú ni ọlọ́kọ̀ fi tú u. Ẹ fi irú àkókò yẹn kún ìṣirò yín, ìmọ́lẹ̀ tó dára kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì: igbó Ọmọ, abúlé J4

Igbó Ọmọ ti wà lábẹ́ àbò ìjọba láti 1925. Ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì mú ẹ̀ṣọ́ igbó dání; erin wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ìmọ́lẹ̀ níbí jẹ́ òdìkejì ọ̀sà. Nísàlẹ̀ igi, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, f/5.6 àti 1/125 ń béèrè ISO 3200. Lókè, sánmà tó wà láàrin ewé funfun bí páálí. Ẹyẹ méjì la wá wá, wọ́n sì ń fẹ́ ọwọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Willow Warbler ni èkínní, gíráàmù 9 péré, láti Yúróòpù, nínú igi kòkó ní etí igbó. Kì í dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ó máa ń bá agbo ẹyẹ mìíràn rìn, nítorí náà ẹ má tẹ̀lé òun; ẹ gbọ́ ariwo agbo náà, ẹ wo ibi tó ń lọ, ẹ lọ dúró níwájú níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé. Lẹ́ńsì 300 mm f/4 ló ṣe iṣẹ́, nítorí f/4 gba ìmọ́lẹ̀ tó lé ní ìlọ́po méjì ju f/6.3 lọ. Teleconverter 1.4× (dígí kékeré tí a ń fi sáàrin lẹ́ńsì àti kámẹ́rà kí ẹyẹ lè tóbi sí i) la dán wò lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sínú àpò: ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló máa ń jẹ, nínú igbó a ò ní ìdajì tí a lè tọrẹ. Ní 1/250, nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán a rí bíi mẹ́jọ tó mọ́. Ewé tútù máa ń da àwọ̀ ewé sí ikùn ẹyẹ. Ẹ ya ìwé funfun kan lábẹ́ igi kan náà, ẹ ó fi tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe nílé. Fíláàṣì? A ò gbé e wá. Ewé tó wà níwájú ló máa ń kọ́kọ́ tàn, ẹyẹ á sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí olè.

Èkejì ni White-throated Bee-eater, àrà ìrìn-àjò yìí. Etí Sàhárà ló ti ń yé ẹyin nígbà òjò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí igbó wa. Ewé tútù ni àwọ̀ ara rẹ̀, orí rẹ̀ dúdú òun funfun, ìyẹ́ méjì tẹ́ẹ́rẹ́ sì gùn jáde láàrin ìrù. Orí ẹ̀ka gbígbẹ tó ga ló máa ń jókòó, á fò jáde mú kòkòrò, á sì padà sórí ẹ̀ka kan náà. Ìpadà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ wa. Ẹ fi tráípọ́ọ̀dù dúró, ẹ mú fókọ́ọ̀sì sórí ẹ̀ka, ẹ pa á, ẹ fi f/8, ṣọ́tà 1/2000, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà nígbà tó bá ku mítà kan kó balẹ̀. Pẹ̀lú sánmà funfun lẹ́yìn rẹ̀, +1.7 ni, sánmà á jó, kò sóhun tó burú nínú ìyẹn, a ò wá ya sánmà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó ga ní mítà 25 yìí gbé wa padà sí wàhálà ọjọ́ kìíní: ó jìn, ikùn nìkan ló ń hàn, ọyẹ́ sì wà láàrin. Ọ̀pẹ ló yọ wá. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá ń bó ẹyìn, èèpo tó ń já sílẹ̀ ni ẹyẹ yìí máa ń gbá mú lójú òfuurufú, á sì jẹ ẹ́. Ẹyẹ ajoyin tó ń jẹ epo! Nítorí náà ẹ wá ọ̀pẹ tí ẹyìn rẹ̀ pọ́n tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń lò, tó wà ní etí oko kì í ṣe nínú igbó, kí ìmọ́lẹ̀ lè kàn án. A rí ọ̀kan tí ìdí ẹyìn rẹ̀ ò ju mítà 7 lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ dé ní 3:50. Láàrin ìdajì wákàtí, ẹyẹ mẹ́rin ń fò yí ọ̀pẹ náà ká, wọ́n ń bọ́ sísàlẹ̀, èyí tó mú kí ewé dúdú wà lẹ́yìn wọn dípò sánmà. Ẹ rántí yí ìmọ́lẹ̀ padà nígbà náà: +1.7 tó dára lókè á jó orí funfun wọn níwájú ewé. A fi Manual sí 1/2500, f/5.6, ISO 2500, a sì gbàgbé bọ́tìnì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: alápàńdẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn náà ìmọ́tótó

Alápàńdẹ̀dẹ̀ ti Yúróòpù ni eléyìí, Barn Swallow, tí iwájú ọrùn rẹ̀ pọ́n. Kì í ṣe èyí tó ń fi amọ̀ kọ́ ilé sábẹ́ òrùlé wa. Lórí pápá kan lẹ́yìn Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n ń fò sọ́tùn-ún sósì ní ìwọ̀n orókùn. Fókọ́ọ̀sì ò lè bá wọn láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn àti sí afẹ́fẹ́ bí méjèèjì bá ṣe é ṣe pa pọ̀: bí wọ́n bá ń dojú kọ afẹ́fẹ́, wọ́n máa ń rọra. Lẹ́ńsì 300, 1/3200, ojú fókọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án, kí ẹ sì ti máa tẹ̀lé ẹyẹ láti 40 mítà kó tó dé 15. A fi igba àwòrán gba mẹ́fà. Nígbà tó di 6:20, a dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá ti ń kó jọ láti sùn, iná tàbí ìrìn ènìyàn lè tú wọn ká lóru.

Kámẹ́rà wà lórí tábìlì báyìí. Ẹ nu òde rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó rin díẹ̀ kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Ẹ fi lẹ́ńsì sí f/16, ẹ ya ògiri funfun láìmú fókọ́ọ̀sì, ẹ wo àwòrán náà ní títóbi: gbogbo àmì dúdú roboto jẹ́ eruku lórí sẹ́ńsọ̀. Ti 600 ní méjì, ti 300 ní mọ́kànlá. Òun la ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú igbó, nígbà tí a yọ lẹ́ńsì láti dán teleconverter yẹn wò. A dojú kámẹ́rà bolẹ̀, a fẹ́ ẹ pẹ̀lú fèrè rọ́bà, ó ku mẹ́rin. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ kì í kúrò bọ̀rọ̀. Mẹ́rin tó kù ń fẹ́ omi ìnusẹ́ńsọ̀ àti ọ̀pá rẹ̀, ó di Ìjẹ̀bú-Òde lọ́la.